Orin Tí Ìjọba Fòfin Dè: Ìbẹ̀rẹ̀ àti Ogún "Yorùbá Ronú"

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní orin ní í ṣíwájú ọ̀tẹ̀. Bí ìjà bá fẹ́ bẹ́ sílẹ̀ láàárín orogún méjì, orin ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ń gbálẹ̀ ní òwúrọ̀. Bí ìjà bá fẹ́ bẹ́ sílẹ̀ láàárín ìjọba àti aráàlú, orin náà ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́. Orin kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ nínú aròkọ yìí. Olóògbé Hubert Ògúndé ló gbé e jáde ní ọdún 1964, orúkọ rẹ̀ sì ni "Yorùbá Ronú". Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí tí orin náà ti wà, síbẹ̀ kò tíì gbó. Bí ìdìbò bá ti ń súnmọ́, a ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ lórí rédíò àti nínú ọkọ̀ Máíkírà lójú ọ̀nà Ring Road, àwọn olóṣèlú yóò sì máa fi orúkọ rẹ̀ polongo.

Ìbéèrè tó wà lọ́kàn mi ni èyí: ta ni orin náà ń bá wí? Bí ẹ bá bi ọ̀pọ̀ nínú àwa ọ̀dọ́ òde òní, wọn yóò dá yín lóhùn pé àwọn ẹ̀yà mìíràn tó fẹ́ gba ohun tó jẹ́ ti Yorùbá ni. Ìtàn kò sọ bẹ́ẹ̀. Ìtàn sọ pé ọmọ Yorùbá ló kọ orin náà, ọmọ Yorùbá ló kọ ọ́ fún, ọmọ Yorùbá ló fòfin dè é, ọmọ Yorùbá ló sì tú u sílẹ̀. Bí a kò bá mọ ìtàn yìí, a ó gbé òkò tí bàbá wa jù sínú ilé láti fi ta wá jí, a ó sì jù ú lu aládùúgbò.

Kí Ògúndé tó dé ni Yorùbá ti ń fi orin bá alágbára wí. Ní Ìbàdàn wa níbí, àṣẹ wà lọ́jọ́ ọdún Òkèbàdàn fún tọmọdé tàgbà láti fi orin sọ ohun tó wà nínú wọn, kódà kó kan ìjòyè. Ẹni tí wọ́n bá kọrin bú kò gbọdọ̀ bínú. Ní Abẹ́òkúta, nígbà tí owó orí wọ àwọn obìnrin lọ́rùn, orin wà lára ohun ìjà tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin gbé lọ sí iwájú ààfin, títí Aláké, Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá, fi kúrò lórí ìtẹ́ fún ìgbà kan ní ọdún 1949. Nítorí náà, nígbà tí Ògúndé dìde, ọ̀nà tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti là sílẹ̀ ló tọ̀. Ohun tó fi kún un ni ìtàgé àti àwo orin.

A bí Hubert Ògúndé ní Ọ̀sọ́sà, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ní ọdún 1916. Ó ṣe iṣẹ́ olùkọ́, ó sì ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ọdún 1941, ó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá, Ìbàdàn gan-an ló sì ti wọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí Èbúté-Mẹ́ta ní Èkó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe eré orí ìtàgé fún ìjọ aládùúrà. Eré rẹ̀ kìíní, The Garden of Eden and the Throne of God, wáyé ní Glover Memorial Hall ní Èkó ní ọdún 1944. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, tó dá ẹgbẹ́ òṣèré tirẹ̀ sílẹ̀, tó sì ń gbé eré káàkiri láti ìlú dé ìlú. Ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sọ eré ṣíṣe di iṣẹ́ tí ènìyàn lè fi jẹun ní Nàìjíríà.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kò ti fi ọ̀rọ̀ ìlú ṣeré. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba daṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 1945 nítorí ọ̀wọ́n ọjà, ó ṣe eré Strike and Hunger. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1949, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn pa àwọn awakùsà èédú 21 ní Enugu. Ní ọdún 1950, Ògúndé gbé ọ̀rọ̀ náà sórí ìtàgé nínú eré Bread and Bullet. Ẹ fi èyí sọ́kàn: àwọn tó kú ní Enugu kì í ṣe ọmọ Ìjẹ̀bú, wọn kì í sì í ṣe ọmọ Ìbàdàn. Ìlà-Oòrùn ni wọ́n ti kú. Síbẹ̀ ọmọ Ọ̀sọ́sà ló ń gbé ọ̀fọ̀ wọn kiri lórí ìtàgé. Ìjọba òyìnbó fòfin de eré rẹ̀ ní àwọn ìlú kan ní Àríwá, ṣùgbọ́n Ògúndé kò dákẹ́.

Òmìnira dé ní ọdún 1960. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó ti tán nìyẹn, pé ẹni tó ń fi orin bá ìjọba jà lè sinmi, nítorí ọmọ ìyá wa ló wà lórí àga báyìí. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ìlú Ìbàdàn ni olú-ìlú Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló ṣe Olórí Ìjọba ẹkùn náà títí di òpin ọdún 1959, kó tó gba Èkó lọ láti ṣe olórí ẹgbẹ́ alátakò nílé aṣòfin àpapọ̀. Igbákejì rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ Action Group tí aráàlú ń pè ní Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, ló bọ́ sí ipò rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò wọ̀ mọ́. Awólọ́wọ̀ fẹ́ kí ẹgbẹ́ náà dúró gẹ́gẹ́ bí alátakò. Akíntọ́lá ní kí wọ́n bá àwọn tó ń ṣèjọba ní Èkó ṣe pọ̀, kí Yorùbá má bàa pàdánù ìpín rẹ̀. Ìpàdé ẹgbẹ́ tí wọ́n ṣe ní Jos ní oṣù Kejì ọdún 1962 ló tú aṣọ lójú eégún.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, ẹgbẹ́ ní kí Akíntọ́lá fi ipò sílẹ̀, wọ́n sì yan Alhaji Dáúdà Adégbénró rọ́pò rẹ̀. Akíntọ́lá kọ̀. Nígbà tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin jókòó ní Agodi ní ọjọ́ 25 oṣù náà, àga ni àwọn aṣòfin fi ń ju ara wọn, títí ọlọ́pàá fi da táajútáajú sí wọn lára. Ìjọba àpapọ̀ kéde pàjáwìrì, wọ́n sì fi Dókítà Moses Májẹ̀kódùnmí ṣe alábòójútó ẹkùn náà fún oṣù 6. Ní oṣù Kìíní ọdún 1963, Akíntọ́lá padà sórí àga láìsí pé aráàlú dìbò. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, ilé ẹjọ́ ní Èkó ju Awólọ́wọ̀ sẹ́wọ̀n ọdún 10 lórí ẹ̀sùn pé ó fẹ́ dojú ìjọba bolẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 1964, ẹgbẹ́ tuntun tí Akíntọ́lá jẹ́ olórí rẹ̀ jáde. NNDP ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Dẹ́mọ̀ ni aráàlú ń pè é.

Bí a bá ka èyí nínú ìwé ìtàn, ó lè dà bí ìjà àwọn olóyè méjì. Ṣùgbọ́n ìjà náà kò dúró lọ́dọ̀ wọn. Ó wọ ọjà, ó wọ ilé, ó wọ inú ẹgbẹ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀gbọ́n wà nínú Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, àbúrò wà nínú Dẹ́mọ̀, wọn kò sì lè jọ jẹun mọ́. Inú ìgbà yẹn ni orin tí mò ń sọ ti jáde.

Ní ọdún 1964, Ẹgbẹ́ Ọmọ Ọlọ́fin, ẹgbẹ́ àṣà kan tó súnmọ́ ìjọba Akíntọ́lá, ní kí Ògúndé wá ṣe eré fún àwọn ní Ìbàdàn. Akíntọ́lá fúnra rẹ̀ àti àwọn èèkàn ìjọba wà níbẹ̀. Eré tí Ògúndé gbé wá ni "Yorùbá Ronú". Ó dá lórí ọba kan tí igbákejì rẹ̀ dalẹ̀ rẹ̀. Igbákejì náà bá àwọn ọ̀tá lẹ̀dí àpò pọ̀, wọ́n mú ọba lọ sígbèkùn, òun náà sì gun orí àga. Ó ni aráàlú lára títí ara fi kọ̀ ọ́, tí wọ́n sì dìde sí i. Ògúndé kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣé ó tún yẹ kó dárúkọ? Ọba wà lẹ́wọ̀n, igbákejì wà níwájú ìtàgé, ó ń wòran.

Orin eré náà tilẹ̀ wá lágbára ju eré fúnra rẹ̀ lọ. Olórin wo ayé, ó wo òkè, kò rí ìmọ́lẹ̀. Ó ń kédàárò pé àwọn tó jẹ́ ọmọ baba kan náà ń ta ara wọn nítorí owó àti ipò. Ó fi wọ́n wé ohun ìṣeré tí ará ìta ń fẹsẹ̀ gbá síhìn-ín sọ́hùn-ún. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ronú. Ẹ kíyè sí i dáadáa. Bí ará ìta bá tilẹ̀ wà nínú orin náà, kì í ṣe òun ni Ògúndé ń bínú sí. Ẹni tó sọ ara rẹ̀ di ohun gbígbá ló ń bá wí.

Inú bí Akíntọ́lá. Òun àti àwọn tó bá a wá dìde, wọ́n sì jáde. Lẹ́yìn náà ni ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn kéde pé ẹgbẹ́ òṣèré Ògúndé lòdì sófin, kò gbọdọ̀ ṣeré níbikíbi lábẹ́ àṣẹ ìjọba náà mọ́. Ẹ fojú inú wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ìbàdàn wọ̀ ọ́, Abẹ́òkúta wọ̀ ọ́, Oǹdó, Òṣogbo, Adó-Èkìtì àti Ìjẹ̀bú-Òde wọ̀ ọ́. Ọ̀sọ́sà tí wọ́n ti bí ọkùnrin náà pàápàá wọ̀ ọ́. Ẹni tó ń fi èdè Yorùbá ṣeré kò lè ṣeré fún Yorùbá nínú ilé Yorùbá. Gbogbo oúnjẹ òun àti àwọn òṣèré rẹ̀ wà nínú eré yẹn. Kó tó di òmìnira, òyìnbó ti fòfin de eré rẹ̀ rí ní ìlú kan tàbí òmíràn, ṣùgbọ́n òyìnbó kò ti odindi ilé bàbá rẹ̀ mọ́ ọn bẹ́ẹ̀.

Mi ò fẹ́ kí a gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dájọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbèjà Akíntọ́lá lè sọ pé àlejò ni wọ́n pè é síbi eré náà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti dójú tì í. Ó tún lè sọ pé òun náà ń ro ire Yorùbá ní ọ̀nà tirẹ̀, àti pé Ògúndé fi eré dá ẹjọ́ tí aráàlú kò tíì gbọ́ tán. Èyí ní òótọ́ nínú. Ẹni tó ń kọrin lè ṣe àṣìṣe bí ẹni tó ń ṣèjọba. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà níbẹ̀: bí olórin bá ṣì í, a lè kọ orin mìíràn dá a lóhùn. Bí ìjọba bá fòfin di ẹnu rẹ̀, ta ni yóò dáhùn? Yàtọ̀ sí èyí, òfin náà kò ran Akíntọ́lá fúnra rẹ̀ lọ́wọ́. Ògúndé kò dárúkọ rẹ̀. Òfin tó ṣe ló dárúkọ rẹ̀. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pariwo ni gbogbo ọjà yóò mọ̀ pé ó bà.

Ògúndé kò jókòó. Òfin Ìbàdàn kò dé ìlú Èkó, nítorí pé ìjọba àpapọ̀ ló ń ṣàkóso olú-ìlú Nàìjíríà nígbà náà. Níbẹ̀ ni Ògúndé ti ń ṣeré lọ. Ó tún gbé eré mìíràn jáde, ó pè é ní "Òtítọ́ Korò". Orúkọ eré yìí nìkan ti tó èsì fún ẹni tó lé e. Ní ti "Yorùbá Ronú", orin náà ti wà nínú àwo. Ìjọba lè ti ìlẹ̀kùn gbọ̀ngàn eré pa, ọlọ́pàá sì lè dúró lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ohun tó ti wà lórí ahọ́n ènìyàn kò ní ìlẹ̀kùn tí wọ́n lè tì.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá ọdún 1965, wọ́n dìbò ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Ìwà èrú pọ̀ nínú ìdìbò náà débi pé aráàlú kò gba èsì rẹ̀ gbọ́. Ilé bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Wọ́n ń da bẹntiróòlù sí ọmọlàkejì lára kí wọ́n tó ṣáná sí i. "Wẹ́tíẹ̀" ni wọ́n ń pe ìwà yìí, àwọn àgbà tó bá ojú ayé náà kì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀ pẹ́ lẹ́nu. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1966, àwọn sójà gbàjọba, wọ́n sì pa Akíntọ́lá ní Ìbàdàn. Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì tí wọ́n fi ṣe Gómìnà ológun Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn kò tíì pé oṣù méjì lórí àga tí ìjọba rẹ̀ fi gbé òfin náà kúrò lórí Ògúndé. Fájuyì fúnra rẹ̀ kò pẹ́ láyé lẹ́yìn náà. Ní oṣù Keje ọdún yẹn, wọ́n pa á pẹ̀lú àlejò rẹ̀, Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi, olórí orílẹ̀-èdè, tí ó jẹ́ ọmọ Igbo.

Ṣé orin náà ló da ìlú rú? Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Orin kò jí àpótí ìbò, orin kò ra bẹntiróòlù. Láti ìgbà tí orin náà ti jáde títí di ìgbà tí iná bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ó lé ní ọdún kan. Ìkìlọ̀ ni, àkókò sì wà láti gbọ́ ọ. Bí ọmọdé bá ké pé iná ń jó nínú ilé ìdáná, tí bàbá sì fọwọ́ bò ó lẹ́nu, a kò lè sọ lẹ́yìn náà pé igbe ọmọ ló jólé.

Kí a lè mọ ohun tó ya orin yìí sọ́tọ̀, ẹ jẹ́ kí a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ orin ìlú mìíràn tí ìjọba kò fẹ́ gbọ́. Ireland jẹ́ erékùṣù tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣàkóso fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ní ọdún 1798, àwọn ará ibẹ̀ dìtẹ̀ sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, àwọ̀ ewé sì di àmì àwọn ọlọ̀tẹ̀. Láti inú ìyẹn ni orin kan tí wọ́n ń pè ní "The Wearing of the Green" ti jáde, èyí tó ń dárò pé wọ́n ń fìyà jẹ ènìyàn nítorí àwọ̀ tó wọ̀. Orin òpópónà ni tẹ́lẹ̀. Ẹni tó sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká ni Dion Boucicault, òǹkọ̀wé eré, tó fi í sínú eré Arrah-na-Pogue tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Dublin ní ọdún 1864. Nígbà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ Ireland fi ohun abúgbàù fọ́ ògiri ọgbà ẹ̀wọ̀n ní Clerkenwell ní London ní oṣù Kejìlá ọdún 1867, wọn kò gbà kí a kọ orin náà mọ́ nínú eré.

Ẹ rí bí ọ̀rọ̀ ṣe jọra. Ọgọ́rùn-ún ọdún gééré ló wà láàárín 1864 àti 1964. Orí ìtàgé ni àwọn orin méjèèjì ti gbajúmọ̀, ìjọba bẹ̀rù àwọn méjèèjì, aráàlú sì ń kọ méjèèjì títí dòní. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá kan wà. Orin Ireland nàka síta. Ọ̀tá wà lókè òkun, aṣọ rẹ̀ yàtọ̀, gbogbo ẹni tó ń kọrin ló mọ̀ ọ́n. Orin Ògúndé nàka sínú ilé. Nígbà tí àwọn ará Ireland gba ìjọba ara wọn ní ọdún 1922, ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn tó ti jọ bá Gẹ̀ẹ́sì jà. Orin tó ń bú àjèjì kò lè pa irú iná bẹ́ẹ̀. Irú ọjọ́ yẹn gan-an ni orin bíi ti Ògúndé wà fún. Ó ṣòro láti kọ ọ́, nítorí ẹni tó ń kọ ọ́ kò yọ ara rẹ̀ sílẹ̀.

Ògúndé gbé ayé pẹ́ lẹ́yìn ìjà náà. Ó ṣe ọ̀pọ̀ eré mìíràn, ó sì bọ́ sínú sinimá pẹ̀lú Ayé ní ọdún 1979 àti Jáyésinmi ní ọdún 1980. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fẹ́ dá ẹgbẹ́ òṣèré orílẹ̀-èdè sílẹ̀, òun ni wọ́n fà á lé lọ́wọ́. Ẹni tí ìjọba kan ti kéde bí arúfin ni ìjọba mìíràn wá gbé oyè iṣẹ́ fún. Ó kú ní oṣù Kẹrin ọdún 1990. Orúkọ àwọn tó bá ara wọn jà nígbà náà sì ti di orúkọ ilé ẹ̀kọ́ àti ojú ọ̀nà wa. Yunifásítì Ifẹ̀ ń jẹ́ orúkọ Awólọ́wọ̀, yunifásítì Ògbómọ̀ṣọ́ ń jẹ́ orúkọ Akíntọ́lá, ọ̀nà kan ní Ìbàdàn sì ń jẹ́ orúkọ Fájuyì. Ọmọ kan lè jáde ní yunifásítì kìíní, kí àbúrò rẹ̀ wọ ìkejì, kí inú ìyá wọn sì dùn. Ọ̀tẹ̀ náà ti kú. Orin rẹ̀ ló kù.

Ohun tó sì ń dùn mí nìyí. Ní ọdún ìdìbò 2023, mo gbọ́ tí wọ́n fi orúkọ orin yìí lé ọmọ kíláàsì mi kan. Àwọn òbí rẹ̀ wá láti Ìlà-Oòrùn, ṣùgbọ́n Challenge ni wọ́n bí i sí, ó sì ń sọ Yorùbá Ìbàdàn ju èmi lọ. Ó ṣe àwàdà kan nípa ìdìbò, àwọn mìíràn sì yí i ká, wọ́n ń pariwo "Yorùbá ronú!" bí ìgbà tí a ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí iṣu. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì jókòó. Fún ìgbà pípẹ́, kò dá sí ọ̀rọ̀ mọ́ nínú kíláàsì. Mo ti bi ara mi lọ́pọ̀ ìgbà pé ṣé ohun tí Ògúndé fẹ́ kí a fi orin rẹ̀ ṣe nìyẹn, òun tó gbé ọ̀fọ̀ àwọn awakùsà Enugu sórí ìtàgé nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́.

Àdúgbò wa ní ẹ̀rí mìíràn. Pápá ìṣeré tó wà ní Ring Road, èyí tó ń jẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láti ọdún 2010, Liberty Stadium ni wọ́n ń pè é nígbà tí wọ́n ṣí i ní ọdún 1960. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1963, Dick Tiger, ọmọ Igbo láti Amaigbo, bá Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà ja ẹ̀ṣẹ́ níbẹ̀ fún ìgbànú àgbáyé. Ó lù ú títí Fullmer kò fi lè bá ìjà lọ lẹ́yìn ìpele keje. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló kún pápá náà, wọ́n ń hó fún un ní àárín ìlú Yorùbá. Oṣù kan péré lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ju Awólọ́wọ̀ sẹ́wọ̀n. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ní ọdún tí Ìbàdàn ń yọ̀ fún ọmọ Igbo, ọmọ Yorùbá ni ọmọ Yorùbá ń bá jà. Ibi tí ọgbẹ́ wà ni Ògúndé fi oògùn sí.

Mi ò sọ pé kí Yorùbá má fẹ́ràn ara wọn, mi ò sì sọ pé kí a má dáàbò bo ohun tó jẹ́ tiwa. Ẹni tí kò fẹ́ràn ilé rẹ̀ kò lè kọ irú orin tí Ògúndé kọ. Ìfẹ́ ilé ló mú un sọ òtítọ́ tó gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀ fún ọdún méjì. Ohun tí mò ń sọ ni pé orin ìbáwí kò gbọdọ̀ di orin ìgbéraga lọ́wọ́ wa. Àwọn tó ń fi í polongo máa ń mú orúkọ "Yorùbá" nínú rẹ̀, wọ́n á sì fi "ronú" sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, "ronú" ni iṣẹ́ tí orin náà rán wa. Ẹni tó ta ìbò rẹ̀ nítorí ìrẹsì kóńgò kan ni orin náà ń bá sọ̀rọ̀. Olóṣèlú tó jí owó ilé ẹ̀kọ́ abúlé bàbá rẹ̀ ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Àwa ọ̀dọ́ tó ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti lu ọmọ àdúgbò kejì ni ó ń bá sọ̀rọ̀ pẹ̀lú.

Mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ wa pé kí ẹ kọ́ wa ní orin yìí pẹ̀lú ìtàn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mọ ọdún tó jáde, ẹni tó kọ ọ́, ẹni tó bínú sí i àti ìdí tó fi bínú. Ẹ̀yin òbí tí ẹ bá wẹ́tíẹ̀ láyé, tàbí tí àwọn òbí yín sọ fún yín nípa rẹ̀, ẹ má fi í pa mọ́ fún wa mọ́. Ní ti ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi, bí ẹ bá tún gbọ́ tí ẹnìkan pariwo orúkọ orin náà mọ́ ẹlòmíràn, ẹ bi í léèrè pé ọdún wo ni wọ́n kọ ọ́, ta ni wọ́n sì kọ ọ́ fún. Kí a tó kọ ọ́ sí aládùúgbò wa létí, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ kọ ọ́ sí ara wa.